Róbọ́ọ̀tì Tó Kọ̀ Tí Kò Tan: Bí A Ṣe Ń Tọpa Iná Láti Ìdí Bátìrì Dé Ọpọlọ

Nínú gbogbo àìsàn tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì àfọwọ́tò, èyí tó ń já ènìyàn láyà jù ni kí ó má tan rárá. Òun náà ló sì sábà máa ń rọrùn jù láti wò sàn. Róbọ́ọ̀tì tó ń yí sí òsì nígbà tó yẹ kó yí sí ọ̀tún lè ní àbùkù nínú kóòdù, nínú mọ́tọ̀, nínú táyà, tàbí nínú ojú tó fi ń ríran. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni èyí tí kò tan ń bi wá: ibo ni iná ti dúró?

Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n tú gbogbo wáyà, kí wọ́n tún un tò láìmọ ohun tí wọ́n ń wá, tàbí kí wọ́n sáré lọ ra bọ́ọ̀dù tuntun. Wọ́n á náwó, wọ́n á dé, róbọ́ọ̀tì náà kò sì ní tan, nítorí sípíríǹgì kan tó ti dógùn-ún nínú ilé bátìrì ló ń dá iná dúró. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé ọ̀nà tí iná ń gbà, bí a ṣe ń fi mítà tọpa rẹ̀, àti àwọn ìgbàgbọ́ tó máa ń ṣini lọ́nà.

Irú róbọ́ọ̀tì tí à ń sọ

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń fi róbọ́ọ̀tì ṣeré, àti ní ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì ilé-ìwé, ni ọkọ̀ kékeré oníke tó ní táyà méjì, mọ́tọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò méjì, àti róòlà kan lẹ́yìn. Ọpọlọ rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù Arduino Uno. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni iṣẹ́ Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lè rí bọ́ọ̀dù lò ní owó pọ́ọ́kú. Uno fúnra rẹ̀ jáde ní 2010.

Ọpọlọ yìí kò lágbára láti gbé mọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fúnni ju 40 mA lọ, bẹ́ẹ̀ mọ́tọ̀ ń fẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi bọ́ọ̀dù pupa kan tó ń jẹ́ L298N sáàárín. Ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Uno, ó sì ń fa iná gidi láti inú bátìrì lọ fún mọ́tọ̀. Bátìrì lithium méjì onírìísí ọ̀pá, tí wọ́n ń pè ní 18650, ló ń bọ́ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ iná ti wà lọ́rùn irú róbọ́ọ̀tì báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí William Grey Walter, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣe ìjàpá ẹlẹ́rọ méjì ní ìlú Bristol ní nǹkan bí 1948 sí 1949, ó ṣe é kí wọ́n lè fúnra wọn padà lọ síbi tí wọ́n á ti gba iná sára nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tiwa kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwa la máa bá a wá ibi tí iná rẹ̀ ti dúró.

Iná ń lọ, iná ń bọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Fóltéèjì ni agbára tó ń ti iná lọ. V la fi ń kọ ọ́, láti ara orúkọ Alessandro Volta, ará Ítálì tó kéde bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800. Kọ́rẹ́ǹtì ni iye iná tó ń kọjá nínú wáyà; A la fi ń kọ ọ́, mA sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Bátìrì lè ní fóltéèjì tó pé kó má sì lè fúnni ní kọ́rẹ́ǹtì tó tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Iná ń jáde láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, ó ń gba inú súwíìṣì kọjá, ó ń wọ L298N. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Apá kan ń lọ sí mọ́tọ̀. Apá kejì ń gba inú ohun kékeré kan tó ń dín fóltéèjì kù sí 5V, ó sì ń lọ bọ́ Uno. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ń gba wáyà dúdú, tí a ń pè ní GND, padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí ọ̀nà ìpadà yìí bá já, kò sí ohun tó máa tan, bó ti wù kí wáyà pupa dára tó.

Bí iná bá lọ nílé, kò sí àgbàlagbà tó máa kọ́kọ́ tú gílóòbù. A ó yọjú wo ilé aládùúgbò. Bí tiwọn bá ń tàn, a mọ̀ pé tiransifọ́mà àdúgbò kò ní nǹkan ṣe. A ó wo òpó, a ó wo fíúsì, kí a tó wọ inú yàrá. Láàárín ibi tí iná ti wà kẹ́yìn àti ibi tí kò ti sí mọ́ ni àbùkù wà. Bí a ṣe ń ṣe róbọ́ọ̀tì náà nìyẹn.

Oríṣi mẹ́ta ni «kò tan»

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́, ẹ wò ó dáadáa, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní «kò tan».

Èkíní ni pé kò sí iná kankan: iná LED orí L298N kò tàn, èyí tí wọ́n kọ ON sí lára Uno náà kò tàn. Èyí gan-an ni kò tan, òun ni a ó sì dúró lé jù.

Èkejì ni pé àwọn LED ń tàn, ṣùgbọ́n táyà kò yí. Iná ti dé. Ẹ lọ wo kóòdù, wáyà àṣẹ láàárín Uno àti L298N, àti fìlà dúdú kékeré tó ń bo ẹsẹ̀ ENA àti ENB. Bí fìlà yìí bá sọnù tí a kò sì fi wáyà rọ́pò rẹ̀, mọ́tọ̀ kò ní gbọ́ àṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni pé ó tàn, àmọ́ bí mọ́tọ̀ bá ti fẹ́ yí báyìí, á kú, á tún tan. Kọ́rẹ́ǹtì ni kò tó. Mọ́tọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ń fa iná ju èyí tó ti ń yí lọ, fóltéèjì á sì wálẹ̀ lójijì. Wọ́n ti ṣètò ọpọlọ Uno pé bí iná rẹ̀ bá já wálẹ̀ dé nǹkan bí 2.7V, kó dúró, kó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè nígbà tí iná bá padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú tó ń jí.

Mítà àti bí a ṣe ń lò ó

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí a kò lè ṣe láìní ni mítà, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe ń lò. Ipò méjì ni a nílò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni 20 lápá DCV, tí a fi ń ka fóltéèjì nígbà tí iná bá wà. Èkejì ni èyí tó ń dún «píì», tí a fi ń wò ó bóyá wáyà já. Ẹ má ṣe lo èyí tó ń dún àyàfi tí ẹ bá ti yọ bátìrì.

Ẹnu dúdú mítà máa ń wà nínú ihò COM, ẹnu pupa nínú ihò tí wọ́n kọ V sí. Bí ẹnu pupa bá wà nínú ihò 10A tí ẹ sì fi kan orí bátìrì, ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ so pọ́sítíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù tààràtà, iná á sì ṣẹ́ yọ. Ẹ wo ihò kí ẹ tó wo nọ́ńbà.

Ọ̀nà ìtọpa rọrùn: ẹ fi ẹnu dúdú sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kó dúró síbẹ̀. Ẹ wá máa gbé ẹnu pupa láti ibì kan dé ibì kan lójú ọ̀nà. Ibi tí nọ́ńbà bá ti di òfo, ẹ ti kọjá àbùkù náà. Bí nọ́ńbà bá pé jálẹ̀ tí kò sì tan síbẹ̀, ẹ yí i padà: ẹ fi ẹnu pupa sórí pọ́sítíìfù bátìrì, kí ẹ sì fi ẹnu dúdú rin ọ̀nà GND. Ìdajì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ

*1. Ojú àti imú.* Ẹ yọ bátìrì. Ẹ wá wáyà tó fà yọ, ohun tó dúdú, òórùn ìjóná. Bí bátìrì bá wú, tó ń jò tàbí tó gbóná láìṣiṣẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó mọ́.

*2. Bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan.* 18650 tó kún ń ka 4.2V. Láàárín iṣẹ́, nǹkan bí 3.6V sí 3.7V ni. Tó bá ti dé 3.0V, ó ti tán, ẹ ṣájì rẹ̀. Èyí tó ti wálẹ̀ kọjá 2.5V ti ṣe ara rẹ̀ léṣe, kò sì dára láti tún máa gbé iná wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní bọ́ọ̀dù ààbò tíńtín nínú, tó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀ jù. Irú wọn lè ka òfo bí ẹni pé wọ́n ti kú pátápátá. Ṣájà tó bá wọn mu sábà máa ń jí wọn.

*3. Ilé bátìrì.* Ẹ da méjèèjì padà, kí ẹ wọn ìdí wáyà méjì tó jáde. Ó yẹ kó wà láàárín 6V àti 8.4V. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dára ṣùgbọ́n tí àpapọ̀ ka òfo, ẹ wò ó bóyá ẹ ti dojú ọ̀kan kọ ẹ̀yìn, nítorí méjì tó kọjú ìjà síra ń pa ara wọn rẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé orí bátìrì náà tẹ́jú, kò ní kókó, tí irin ilé rẹ̀ kò sì kàn án. Nínú ilé bátìrì AA, ẹ̀fun funfun tí bátìrì tó jò fi sílẹ̀ ló sábà máa ń dínà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lórí òwú máa ń nù ún kúrò. Ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ, kí ẹ sì wẹ ọwọ́.

*4. Súwíìṣì.* Ẹ tan súwíìṣì, kí ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá dára, mítà á ka òfo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, nítorí iná ń kọjá láìdúró. Bí ó bá ka 7V tàbí 8V, ẹnu ọ̀nà ṣì wà ní títì: súwíìṣì ti bàjẹ́. Ẹ tún fi ọwọ́ mi wáyà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀dì tí kò yọ́ dáadáa ń jókòó lórí irin láìdì mọ́ ọn, òun ló sì ń fa ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní páṣíà: iná á wà, iná ò ní sí.

*5. L298N.* Wáyà pupa ń wọ ibi tí wọ́n kọ 12V sí, wáyà dúdú ń wọ GND. Kí orúkọ yẹn má dẹ́rù bà yín, 8V náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín ni kí ìdè ẹlẹ́nu rẹ̀ di ike wáyà mú dípò kó di kọ́pà inú rẹ̀. Ojú kò ní tètè rí i, àmọ́ mítà á sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn láàárín GND àti 5V. Bí 12V bá ní iná tí 5V kò ní, ẹ wo fìlà kékeré tó wà lẹ́yìn ìdè náà. Bí wọ́n bá ti ṣí i kúrò, ohun tó ń dín fóltéèjì kù kò rí iná jẹ, kò sì ní fún Uno ní nǹkan kan. Bí bátìrì yín bá ju 12V lọ nìkan ni ó yẹ kí ẹ ṣí i.

*6. Uno.* 5V tó jáde láti L298N gbọ́dọ̀ wọ ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 5V sí lára Uno. Ọ̀pọ̀ ń fi í sí VIN. VIN ń fẹ́ 7V sí 12V, nítorí ó tún ní ohun tirẹ̀ tó ń jẹ lára fóltéèjì kí ó tó dé ọpọlọ. Ẹni tó bá fi 5V síbẹ̀ ti fi ebi pa róbọ́ọ̀tì. Láti mọ̀ bóyá Uno fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí LED ON bá tàn, iná ń wọ bọ́ọ̀dù náà dáadáa. Ẹ padà sójú ọ̀nà lọ wá àbùkù yín.

*7. Bí wáyà bá bíríìjì.* Bí LED ON bá tàn lórí USB, tí ó sì kú nígbà tí ẹ dá wáyà padà, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù ti kan ara wọn níbì kan. Ẹ má ṣe tún tan án léraléra. Lẹ́nu USB Uno, fíúsì kan wà tí kì í já: bí kọ́rẹ́ǹtì bá ti kọjá nǹkan bí 500 mA, á gbóná, á dí ọ̀nà, tó bá sì tutù á tún ṣí. Ó ń gba kọ̀ǹpútà yín là, kò sì lè tún wáyà tó bíríìjì ṣe. Ẹ máa dá wáyà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fi sí i tí LED fi kú, òun ni.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́lẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì. Á kọ́kọ́ wọn àárín ọ̀nà, ìyẹn 12V orí L298N. Bí iná bá wà níbẹ̀, ó ti dá bátìrì, ilé bátìrì àti súwíìṣì láre lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí, ó ti mọ̀ pé Uno kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọn ìgbàgbọ́ tó ń ṣini lọ́nà

«Kóòdù tí mo fi sí i ló pa á.» Kò lè rí bẹ́ẹ̀. LED ON so mọ́ 5V tààràtà. Kò sí kóòdù tó lè pa á. Bí kò bá tàn, ẹ fi kóòdù sílẹ̀.

«Bátìrì 9V kékeré lágbára ju gbogbo wọn lọ.» Fóltéèjì rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kéré, kì í sì í lè fúnni ní kọ́rẹ́ǹtì tí mọ́tọ̀ méjì ń fẹ́. Fún ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín bá rú ni irú rẹ̀ dára, nítorí ìyẹn ń mu iná díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

«AA ni AA.» Alkaline tuntun jẹ́ 1.5V, èyí tí a ń ṣájì, NiMH, jẹ́ 1.2V. Mẹ́rin alkaline jẹ́ 6V. Mẹ́rin NiMH jẹ́ 4.8V péré. L298N fúnra rẹ̀ sì máa ń jẹ tó 2V nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń fa 1A. Ohun tó kù kò lè gbé nǹkan.

«9900 mAh ni wọ́n kọ sára tèmi.» Irọ́ gbáà ni. 18650 tó dára tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í ju nǹkan bí 3500 mAh lọ. Èyí tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta kò ní ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, á sì tètè tán.

«Páwà báǹkì kì í já ni kulẹ̀.» Ọ̀pọ̀ wọn ń pa ara wọn nígbà tí ohun tí a so mọ́ wọn kò bá fa iná tó pọ̀. Róbọ́ọ̀tì tó dúró jẹ́ẹ́ lè tan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú láìṣẹ̀.

«Mítà ka 8V, bátìrì dára nìyẹn.» Ó ka á nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń gbìyànjú láti yí. Bí 8V bá já sí 5V lójú yín, bátìrì ti gbó, tàbí páṣíà wà lójú ọ̀nà.

Ìkìlọ̀ lórí lithium

Láti 1991 tí Sony ti kọ́kọ́ gbé bátìrì lithium-ion tí a lè ṣájì sọ́jà ni agbára rẹ̀ ti jẹ́ kí nǹkan rọrùn, ewu rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ orí rẹ̀ tààràtà, ẹ má ṣe ṣájì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí nígbà tí ẹ bá sùn. Ẹ má ṣe kó o sí àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó irin, nítorí irin tó bá so orí méjèèjì pọ̀ lè dá iná sílẹ̀. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún lithium nìkan ni kí ẹ lò.

Kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí ara rẹ̀ bá yá

Lọ́jọ́ tí róbọ́ọ̀tì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni ó yẹ kí a ti mú mítà. Ẹ wọn ìdí bátìrì, ẹ̀yìn súwíìṣì, 12V àti 5V, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà. Nígbà tó bá tún kọ̀ tí kò tan, a kò ní máa méfò. A ó wọn ibi mẹ́rin kan náà, a ó fi èyí wé tàná, nọ́ńbà tó bá sì yàtọ̀ ló máa sọ ohun tí a fẹ́ rà fún wa, tàbí kó sọ pé kò sí ohun tí a fẹ́ rà rárá.